Ìfètò-sọ́mọ-bíbí: èwo ló bá ara yín mu? Ìbéèrè táwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń bi nọ́ọ̀sì

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ní yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí nìyí, láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn kan ń béèrè lójú gbogbo èèyàn, àwọn kan á dúró títí tí ẹni tó jókòó tì wọ́n á fi dìde lọ. Àwọn ọkùnrin náà ń béèrè, àmọ́ orí fóònù ni tiwọn sábà máa ń wà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, nínú gbogbo wọn, èwo ló dáa jù?

Òun ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà ni mi ò sì lè dáhùn àfi tí mo bá kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ìgbà wo lẹ tún fẹ́ bímọ, àbí ẹ ti bí tán? Ẹni tó fẹ́ lóyún lọ́dún tó ń bọ̀ àti ẹni tó ti bí mẹ́rin tó ní ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀nà wọn ò lè jọra. Èkejì: àìsàn wo ló wà lára yín, oògùn wo lẹ sì ń lò? Ẹ̀kẹta, èyí tí wọn kì í fẹ́ dáhùn: báwo ni ilé yín ṣe rí? Ṣé ọkọ mọ̀ pé ẹ wá? Ṣé ẹ lè rántí oògùn lójoojúmọ́? Ṣé ilé lẹ ń sùn, àbí ọjà ń gbé yín lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan?

Èyí tí ọ̀rẹ́ yín ń lò tó ń yìn, ara tirẹ̀ ló bá mu. Mo ti rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ọ̀kan ò lè fara da abẹ́rẹ́ rárá, tí èkejì ò sì fẹ́ gbọ́ nípa nǹkan mìíràn.

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n èwo ló ń dènà oyún jù?

Tí 100 obìnrin tó ṣì lè bímọ bá ń bá ọkùnrin lò pọ̀ fún ọdún kan láìlo ohunkóhun, bíi 85 nínú wọn ló máa lóyún. Tí wọ́n bá lo ìmpláǹtì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi sí apá, kò tó ẹyọ kan. Lúùpù oníkọ́pà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò tó ẹyọ kan. Dídi ọ̀nà ẹyin, fún ẹni tó ti bímọ tán, ibẹ̀ náà ló wà. Abẹ́rẹ́, tí a bá wo bí èèyàn ṣe ń lò ó gan-an, tí à ń gbàgbé ọjọ́, tí òjò ń rọ̀, tí owó ọkọ̀ ò sí: bíi 4. Hóró ojoojúmọ́: bíi 7. Kọ́ńdọ̀mù ọkùnrin: bíi 13. Kí ọkùnrin fà á jáde kó tó dà: bíi 20.

Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó wà lókè ni èyí tí èèyàn ò ní láti máa rántí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tó pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí oyún dúró. Ọjọ́ tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ló ń fa wàhálà.

Àmọ́ kọ́ńdọ̀mù nìkan, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, ló tún ń dènà HIV, àtọ̀sí àti àwọn àrùn tó jọ ọ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, tó sùn sí Ògèrè lónìí, tó wà ní Kánò lọ́túnla, mi ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún èyí tí ẹ bá ń lò. Ẹ má sì fi òrí, òróró tàbí ìpara pa á lára. Ó ń jẹ rọ́bà náà, ó máa bẹ́.

Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń fi sí apá máa ń rìn lọ sí ọkàn. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè sún díẹ̀ lábẹ́ awọ. Kó rìn jìnnà ṣọ̀wọ́n gan-an, ìyẹn sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó fi í bá tì í wọlé jìn jù. Nǹkan náà ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ ní gígùn, ó tín-ín-rín, ó sì rọ̀. Wọ́n á fún yín lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, wọ́n á wá tì í sábẹ́ awọ nínú apá òkè, lápá tí ẹ kì í fi ṣiṣẹ́ jù. Kò sí rírán. Ẹ lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ojú kì í sábà rí i.

Irú méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: Jadelle, tó jẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, ọdún 5, Implanon, ẹyọ kan, ọdún 3. Tí wọ́n bá fi í láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, tó sì dájú pé ẹ ò lóyún, wọ́n ṣì lè fi í; ẹ kàn máa lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n dá padà sílé pé kó lọ dúró de nǹkan oṣù, tó jẹ́ oyún ló gbé padà wá. Inú mi kì í dùn sí i.

Ọjọ́ tó bá wù yín ni wọ́n lè yọ ọ́; kò di dandan kó pé ọdún 5. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ yọ ọ́ fún yín nílé tàbí ní kẹ́mísì. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ ọ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́, n ò rí nǹkan oṣù mọ́. Ibo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ? Ṣé kì í ṣe pé ó ń dì sí mi nínú?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn èyí, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń mú obìnrin pa ọ̀nà tó dáa tì ju ohunkóhun lọ.

Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí tí ara gbọ́dọ̀ dà nù. Lóṣooṣù ni awọ inú ilé ọmọ máa ń nípọn de oyún. Tí oyún ò bá dé, awọ náà á bọ́, òun ló ń jáde tí a ń pè ní nǹkan oṣù. Abẹ́rẹ́ àti ìmpláǹtì kì í jẹ́ kó nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò dáná, eérú wo ló fẹ́ kó? Tí dókítà bá fi ẹ̀rọ wo inú yín, kò ní bá ẹ̀jẹ̀ dídì kankan níbẹ̀.

Tó bá fi máa pé ọdún kan, bí ìdajì àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni kì í rí nǹkan oṣù mọ́. Kó tó débẹ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ lè rí rúdurùdu: ẹ̀jẹ̀ á kán lónìí, á dúró lọ́la, á tún kán lọ́túnla, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Kì í sábà léwu, ṣùgbọ́n ó ń bí èèyàn nínú. Ó ń dí ìrun lọ́wọ́, ó ń dá ìjà sílẹ̀ ní yàrá. Oògùn wà tí a lè fún yín tó máa dá a dúró fúngbà díẹ̀, nítorí náà ẹ padà wá bá wa. Ẹ má jókòó sílé máa ka ọjọ́.

Lúùpù oníkọ́pà yàtọ̀. Òun máa ń mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, inú rírun á sì wà, pàápàá ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ló máa ń dé. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ tí kò bá rí nǹkan oṣù, lúùpù ni mo máa kọ́kọ́ bá a sọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde, ìmpláǹtì tàbí abẹ́rẹ́ lè sàn fún un. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má yan ti ọ̀rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, oyún ò tíì dé. Ṣé abẹ́rẹ́ ti ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́ ni?

Rárá. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, Depo-Provera tàbí Sayana Press, máa ń pẹ́ kó tó tán lára. Láti ọjọ́ tí obìnrin gba èyí tó kẹ́yìn, ó sábà máa ń tó bí oṣù mẹ́wàá kó tó lóyún, ti àwọn mìíràn sì ń lé ní ọdún kan. Tó bá ti lé ní ọdún kan àbọ̀, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, òun àti ọkọ rẹ̀. Mo ní òun àti ọkọ rẹ̀ o.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ẹni tó fẹ́ lóyún lọ́dún tó ń bọ̀ nímọ̀ràn pé kó gba abẹ́rẹ́. Lúùpù, ìmpláǹtì àti hóró, tí wọ́n bá ti kúrò lára, oyún lè dúró kíákíá.

Ti ẹni tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráàyè wá: Sayana Press wà tí a lè kọ́ yín bí ẹ ṣe máa gún un fúnra yín ní itan tàbí ní ikùn, kí ẹ máa gbé e lọ sílé. Tí ọjọ́ káàdì yín bá sì kọjá, ẹ má torí ìtìjú sá. Títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ náà, a ṣì lè fún yín ní ti olóṣù mẹ́ta. Ti Noristerat, tó jẹ́ olóṣù méjì, ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Ṣé màá sanra?

Abẹ́rẹ́ lè mú kí ara ga díẹ̀, bíi kílò kan sí méjì lọ́dún. Ìmpláǹtì àti hóró kì í sábà ṣe tó bẹ́ẹ̀. Lúùpù oníkọ́pà kò ní hòmóònù kankan nínú, kò lè mú yín sanra. Tí ẹ bá ń sanra lórí lúùpù, ẹ wo abọ́ ìkọ́kọrẹ́ yín.

Lúùpù ńkọ́? Ṣé kò ní sọnù sí mi nínú? Ṣé ọkọ mi ò ní mọ̀ ọ́n lára?

Inú ilé ọmọ ló ń wà, kò sí ọ̀nà tó máa gbà dé àyà. Ó lè jábọ́ síta, pàápàá ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lè gún ilé ọmọ nígbà tí wọ́n ń fi í, àmọ́ ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Okùn tín-ín-rín kan ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ. Tí ọkọ bá ní ó ń gún òun, ẹ wá ká gé e kúrú.

Ti oníkọ́pà ń lò tó ọdún 10, ó sì ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi í. Wọ́n lè fi í láàárín wákàtí 48 tí ẹ bímọ, kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù. Tí ìyẹn bá kọjá, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí àtọ̀sí tàbí àrùn ojú ara mìíràn ń bá jà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi í títí tó máa gba ìwòsàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tí a ò mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí. Fáíbírọ́ìdì tó ti yí inú ilé ọmọ padà náà kì í jẹ́ kó jókòó dáadáa.

Hóró ojoojúmọ́ ni mo fẹ́. Tí mo bá gbàgbé ńkọ́?

Ti alápapọ̀, ìyẹn èyí tó ní hòmóònù méjì nínú, tó sì wọ́pọ̀: tí ẹ bá gbàgbé ẹyọ kan, ẹ lò ó kété tí ẹ bá rántí, kódà kó di méjì lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo ẹyọ kan lójú ẹsẹ̀, ẹ máa bá a lọ, kí ẹ sì lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Ti àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gba gbígbàgbé rárá: irú kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta péré ló gbà kí ẹ fi pẹ́.

Ẹni tó ń ná Ọjà Fáláwọ̀ ní Ṣágámù lónìí, tó wà ní Èkó lọ́la, tí báàgì rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́, kó rò ó dáadáa. Ẹni tó lè so ó mọ́ nǹkan tí kì í yẹ̀, bí àdúrà àárọ̀, á lò ó pẹ́.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ìparí oṣù ló ń wálé. Ṣé mo tún nílò nǹkankan?

Ẹ nílò rẹ̀. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ márùn-ún. Ojúde Ọba kan ṣoṣo ti tó fún oyún láti dúró. Tí ẹ ò bá fẹ́ nǹkan tí ẹ máa gbé kiri lára láìnídìí, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù ní gbogbo ìgbà tó bá wálé, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Kíka ọjọ́ kò ṣeé gbára lé fún irú ilé bẹ́ẹ̀, torí ìgbà tí ọkọ ń wálé ò ní bá ọjọ́ yín mu. Kíka ọjọ́ náà, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń yípo láàárín ọjọ́ 26 sí 32 nìkan ló wà fún, láti ọjọ́ 8 dé ọjọ́ 19 ni kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ láìlo kọ́ńdọ̀mù.

Mo ń fọ́mọ lọ́mú. Ṣé ọmú ò tó?

Ó tó, tí nǹkan mẹ́ta yìí bá pé: ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù kò tíì padà, ọmú nìkan ló ń jẹ, tọ̀sán tòru, kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, bíi 2 nínú 100 ló máa lóyún. Ibi tó ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa ni omi àti àgbo. Ìyá àgbà á rọ omi sọ́mọ lẹ́nu nígbà tí ìyá ọmọ ń sùn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò fọ́mọ lọ́mú lè lóyún láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó bímọ, kí nǹkan oṣù kankan tó dé. Ẹ má dúró de nǹkan oṣù.

Fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú: wọ́n lè fi ìmpláǹtì láti ọjọ́ tó bímọ, abẹ́rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, hóró alápapọ̀, kó dúró di oṣù mẹ́fà, torí ó lè dín omi ọmú kù.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rẹ́ mi ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Kí la lè lò?

Ẹ kú ìbéèrè yìí, torí ọ̀pọ̀ kì í sọ àìsàn wọn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fọwọ́ kan hóró alápapọ̀: ó lè fa rọpárọsẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì. Kó wo ìmpláǹtì tàbí lúùpù. Tí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti dé 160/100, abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe èyí tí a máa kọ́kọ́ fún un. Ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ń mu sìgá, ẹni tí orí fífọ́ rẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lójú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì ní ẹsẹ̀ rí: hóró alápapọ̀ kì í ṣe tiwọn.

Fún fòní-kú-fọ̀la-dìde, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti ìmpláǹtì dáa. Ìwádìí kan tilẹ̀ wà pé abẹ́rẹ́ náà lè dín ìrora egungun kù. Lúùpù oníkọ́pà ò léèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, àwọn yìí ò sì ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi tàfàlà.

Oògùn ikọ́ ife tó ń jẹ́ rifampicin àti oògùn wárápá bíi carbamazepine àti phenytoin máa ń dín agbára hóró àti ìmpláǹtì kù. Efavirenz tí wọ́n ń lò fún HIV náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìmpláǹtì. Dolutegravir kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú gbogbo oògùn yín wá nínú ọ̀rá kan, kódà ti àgbo.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Postinor ni mo máa ń lò. Ṣé kò burú?

Ọmọ mi, oògùn pàjáwìrì ni. Bó bá tètè wọnú ló ń ṣiṣẹ́ jù: kí wákàtí 72 má kọjá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀ títí dé ọjọ́ márùn-ún. Ẹyọ méjèèjì tó wà nínú páálí, lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ó tó. Tó o bá bì láàárín wákàtí méjì, tún un lò. Dídá ẹyin dúró díẹ̀ ló ń ṣe; tí ẹyin bá ti jáde, ó ti pẹ́ jù. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró, kì í sì í dáàbò bo ìbálòpọ̀ tó bá tún wáyé lẹ́yìn rẹ̀. Tí nǹkan oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ṣe àyẹ̀wò oyún.

Kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lóṣooṣù lò ń rà á, owó tó ń lọ àti àìbalẹ̀ ọkàn yẹn pọ̀ ju abẹ́rẹ́ kan lóṣù mẹ́ta lọ, ìdáàbòbò rẹ̀ sì kéré sí i. Ìmpláǹtì àti lúùpù wà fún ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ náà. Èyíkéyìí tó o bá mú, kọ́ńdọ̀mù ò gbọdọ̀ kúrò nínú báàgì. Tí nọ́ọ̀sì kan bá bi ọ́ pé “níbo ni òrùka ìgbéyàwó wà”, lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, omi kaun, ọtí tí wọ́n rẹ nǹkan sí: kò sí èyí tó ń dènà oyún nínú wọn. Inú ló ń bàjẹ́.

Ìyá mi lo òrùka, ó lo ìgbàdí, kò sì lóyún. Kí lẹ sọ sí i?

Mi ò bá ìyá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n mo máa bi yín: nígbà tí ìyá lo ìgbàdí, ṣé wọ́n ń sùn ti bàbá? Láyé àtijọ́, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ, ó lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Àìsúnmọ́ra yẹn ló ṣe iṣẹ́ tí a ń fi yin òrùka. Ní báyìí, inú yàrá kan náà ni tọkọtaya wà, ọjọ́ 40 ni wọ́n ń kà. Tí òrùka bá fi yín lọ́kàn balẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, kí ìmpláǹtì wà lápá.

Èmi ni ìyá ọkọ. Ẹyọ ọmọ kan péré ni ìyàwó wa bí tó lọ fi nǹkan sápá. Ṣé kò ní dí ọmọ wa lọ́wọ́?

Mọ́mì, ẹ kú àdúrà. Kò dí i. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, oyún lè dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin dúró ọdún méjì lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún lóyún. Ó sàn fún ìyá, ó sàn fún ọmọ tó wà nílẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀. Ohun tí ẹ̀yin fi àìsúnmọ́ra ṣe nígbà tiyín lòun ń fi apá ṣe.

Ṣé dandan ni kí ọkọ mi fọwọ́ sí i? Ó ní ẹ̀sìn wa ò gbà á.

Ìlànà ètò náà kò ní kí obìnrin mú ìwé àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ ọkọ kó tó gba abẹ́rẹ́ tàbí ìmpláǹtì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń béèrè rẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n tí ewu ìjà ò bá sí nílé, ẹ mú un wá. Ọkùnrin tó bá jókòó síwájú mi fún ogún ìṣẹ́jú, ìbéèrè rẹ̀ máa ń ju ti ìyàwó lọ.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ Àfáà ń tọ́ka sí hádíìsì Jábìr, pé àwọn Sàhábà máa ń fà á jáde nígbà ayé Ànábì, wọn ò sì kọ fífi àlàfo sáàárín ọmọ. Ìjọ Kátólíìkì ò gbà ju kíka ọjọ́ àti wíwo àmì ara lọ. Ẹ bi olórí ẹ̀sìn yín, kí ẹ sì wá bi wá ní ti ara.

Ọkùnrin ni mí. Ìyàwó mi ti bí mẹ́rin, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé méjì. Wọ́n ní mo lè lọ di tèmi. Ṣé mi ò ní di akúra?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ò pọ̀. Kì í ṣe títẹ̀ lọ́dàá. Wọn ò fọwọ́ kan kóró ẹpọ̀n. Ọ̀nà tóóró méjì tí àtọ̀ ń gbà jáde ni wọ́n ń dí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó dùn, ẹ á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ara ṣì máa dìde, omi ṣì máa jáde; kìkì pé kò ní sí irúgbìn nínú rẹ̀ ni. Ó rọrùn, ewu rẹ̀ sì kéré ju ti obìnrin tí wọ́n máa ṣí ikùn rẹ̀ lọ.

Nǹkan méjì péré: oṣù mẹ́ta ló ń gbà kó tó múlẹ̀, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí di ìgbà náà, kí ẹ sì kà á sí ohun tí kò ní àtúnṣe. Ọkùnrin tó bá ń rò ó lọ́kàn pé òun lè tún fẹ́ ìyàwó míì, kó má ṣe é. Ilé ìwòsàn ńlá bíi OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, ni kí ẹ ti lọ béèrè.

Ṣé ó ń fa jẹjẹrẹ?

Hóró alápapọ̀ ń dín jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti ti inú ilé ọmọ kù. Ti ọmú, ewu rẹ̀ ga díẹ̀ nígbà tí èèyàn ń lò ó, ó sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tó bá dá a dúró. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí tó ti ní in rí, lúùpù oníkọ́pà ni tirẹ̀.

Mo ti lé ní ogójì. Ìgbà wo ni mo lè dá a dúró?

Tí ẹ bá ti lé ní ọdún 50, tí nǹkan oṣù sì ti dúró fún ọdún kan gbáko láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ tàbí ìmpláǹtì ló dá a dúró. Oyún ọmọ ọdún 45 kì í ṣe ìtàn. A ti rí i.

Eélòó ni, kí ni mo sì máa bá níbẹ̀?

Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀fẹ́ wà lórí. Wọ́n lè ní kí ẹ san owó ìbọ̀wọ́, òwú àti káàdì, ọjà náà sì lè tán. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á gbé yín lé ìwọ̀n, wọ́n á bi yín nípa nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, wọ́n sì lè ní kí ẹ tọ̀ sínú ike. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ fún yín ní nǹkan láìbéèrè ohunkóhun, ẹ ní kó dúró ná.

Tí mo bá ti gbà á, kí ló yẹ kó mú mi sáré padà wá?

Ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dun yín, àyà dídùn, èémí tó ń kúrú, orí fífọ́ tí ẹ ò ní irú rẹ̀ rí, ojú tó ṣú lójijì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì kan gbindin láàárín wákàtí kan. Ibi tí wọ́n ti fi ìmpláǹtì tó ń gbóná, tó ń ṣọyún. Fún ẹni tó fi lúùpù: ibà pẹ̀lú ìrora abẹ́ ikùn, okùn tí ẹ ò rí mọ́, tàbí nǹkan oṣù tó dédé yẹ̀, torí oyún tó bá dúró lórí lúùpù lè wà níta ilé ọmọ. Fún ìwọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ káàdì, ẹ má sì kọ́kọ́ lọ ra oògùn ní kẹ́mísì; tó bá jẹ́ òru, ilé ìwòsàn tó ní pàjáwìrì tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú káàdì yín dání kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lára yín.